Ewé Eéran nínú Ilé Ìdáná Mi: Àyẹ̀wò Oṣù Mẹ́jọ

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn òjò ńlá kan tó rọ̀ ní Ìbàdàn láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru, omi gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa kọ̀, kò lọ mọ́, ó sì ya wọ inú ọgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà òjò, mo mú ọkọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó dí i jáde. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n láàárín wọn ni mo ti rí àwọn láílọ́ọ̀nù kéékèèké kan tí wọ́n ta ní kókó ẹ̀ẹ̀mejì, tí kókó kejì jókòó lé èkíní lórí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ta kókó báyẹn ní àdúgbò wa. Èmi ni. Mọ́ínmọ́ín ìsọmọlórúkọ tí mo sè ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo ń wò yẹn. A ti jẹ ẹ́, a ti gbàgbé rẹ̀, ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ sè é ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kókó náà ṣì le gírígírí bí ìgbà tí mo ta á.

Ará Ìbàdàn kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ohun tí odò tó dí lè ṣe fún un. Àwọn àgbà ṣì ń fi omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ka ọjọ́ orí ọmọ, èmi fúnra mi sì rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá àti ilé lọ, tó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, àwọn kan sì kọ́lé sójú ọ̀nà omi, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí ojú odò wà lára ohun tí gbogbo ènìyàn nàka sí. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà èwe mi, mo sì ti ń fi orí gbọn sí i bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni.

Àwọn bàbá wa ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, a ó dárí ji ewé. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ohun tí ewé jẹ́: a ó ju ú nù, ilẹ̀ á gbà á, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Láílọ́ọ̀nù tó padà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ń kọ́? Láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kìíní ni mo fi ń lo ewé eéran ní gbogbo ibi tí mo ti ń lo láílọ́ọ̀nù fún oúnjẹ tẹ́lẹ̀, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò iyọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín. Ọjà tí mo ń yẹ̀ wò kò ní ilé-iṣẹ́, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún mi kí n tó yìn ín tàbí kí n tó bù ú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ewé náà hàn dáadáa, nítorí pé orúkọ ewé máa ń yí láti ọjà kan sí èkejì, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń pe gbogbo ohun tí a lè fi pọ́n mọ́ínmọ́ín ní ewé kan náà. Eéran tí mo ń wí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Thaumatococcus daniellii. Gbòdògì jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n jọra, wọ́n sì jọ ń gbé inú igbó kan náà ni. Eéran kì í ṣe igi. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó ń yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sókè, ewé kan ṣoṣo ló sì máa ń wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ewé náà lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Òjìji igi ńlá ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí a fi ń bá a nínú igbó àti lábẹ́ kòkó. Nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ló ń so èso pupa onígun mẹ́ta kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò bìkítà fún. Nínú èso yẹn ni ohun yíyọ̀ kan wà lára kóró rẹ̀ tó dùn kọjá ààlà: Dókítà William Freeman Daniell, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ewé náà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Netherlands sì yọ èròjà adùn rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1972, wọ́n pè é ní thaumatin. Bí a bá fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì ó kéré tán. Òyìnbó ń fi í sínú oúnjẹ àti ṣingọ́ọ̀mù; àwa tí ó ń hù lẹ́yìnkùlé wa ń fi ọkọ́ ro ó dànù, a wá ń fi owó ra ọ̀rá.

Bódìjà ni mo ti ń ra tèmi. Ìdì ni wọ́n ń dì í, wọ́n á ká a jọ bí ẹní, wọ́n á sì fi ìhà ọ̀pá rẹ̀ dè é. Nínú oṣù Kẹfà, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo ra ìdì kan, nígbà tí mo sì kà á nílé, ewé 46 ni mo bá nínú rẹ̀, èyí tí mẹ́jọ nínú wọn ti fàya tàbí tí kòkòrò ti jẹ. Ohun tí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé àwọn eléwé máa ń fi ewé ńlá bo ìta, wọ́n á sì kó wẹ́wẹ́ sí inú. Mo sọ fún ìyá tó ń tà á pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u wò.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Tú u wò, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tó o bá ti tú u, o ti rà á nìyẹn.” Mo tú u, mo sì rà á. Láti ìgbà náà ni a ti di oníbàárà ara wa. Ewé tó dára máa ń tutù lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ á dọ́gba, bí a bá sì ká etí rẹ̀, kò ní ké “kẹ́ẹ́” kó kán. Èyí tó ti ń pọ́n létí ti pẹ́ lọ́jà ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni pé bí ìyá ti gba owó tán, ó gbé ìdì ewé náà, ó sọ ọ́ sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó sì nà án sí mi. Mo dá láílọ́ọ̀nù náà padà fún un. Ó rò pé ó ya ni mo ṣe kọ̀ ọ́, ó bá fún mi ní méjì.

Mọ́ínmọ́ín, tí àwọn àgbà ilé wa ń pè ní ọ̀lẹ̀, ni ìdánwò gidi, torí náà ibẹ̀ ni mo máa dúró sí jù. Iṣẹ́ ewé bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀wà tó dé ọlọ. A óò kọ́kọ́ gé ìdí ọ̀pá rẹ̀ kúrò, a óò fi ọ̀bẹ fẹ́ẹ́rẹ́ fá ẹ̀yìn egungun ewé náà kó má baà ṣẹ́ nígbà tí a bá ń pa á pọ̀, lẹ́yìn náà ni a óò fi omi àti aṣọ mímọ́ nu ojú rẹ̀ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fo èyí. Erùpẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ewé, mo sì ti bá ẹyin kòkòrò funfun tíntìntín níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pá tí a gé kò gbọdọ̀ lọ sí ààtàn o. Òun ni a óò tẹ́ sí ìdí ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jó, kó sì má baà wọ inú omi. Ewé méjì ni a ń lo fún ẹyọ kan, a óò dojú wọn kọra wọn, a óò lọ́ wọn bí àrọ, a óò pa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, a óò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, a óò bu ẹ̀wà sí i, a óò sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ní ọjọ́ kìíní, mo pọ́n ogún, méje nínú wọn sì jò di omi ẹ̀wà sínú ìkòkò. Mo fẹ̀sùn kan ewé náà, mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò nípọn tó, kí ìyá ọkọ mi tó wọlé, tí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn tó jò, tí wọ́n yí i po lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, “Ìdí ni wàhálà tìẹ, ìyàwó mi, kì í ṣe ẹnu. Ẹ̀ẹ̀kan lo pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń pa á, àtàǹpàkò a sì dúró tì í títí ẹ̀wà á fi wọlé.” Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nínú ogún, méjì péré ló jò. Ní oṣù Kẹsàn-án, mi ò tún rí èyí tó jò mọ́. Mo ti pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Nípa adùn, kò sí àríyànjiyàn. Mọ́ínmọ́ín inú ewé máa ń dì dáadáa, omi kì í dúró sí i lórí bó ti máa ń dúró sórí ti inú ọ̀rá, àmì iṣan ewé á sì hàn lára rẹ̀ bí ilà ojú. Òórùn kan tún wà tí ewé nìkan ń fún un, tí n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Àwọn ọmọ mi, tí ọ̀rá ni wọ́n bá láyé, ní ó ń rùn bí ilé Màmá Àgbà. Ohun kan sì tún wà tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Láílọ́ọ̀nù tí a ń lò ní ọjà kì í ṣe nylon gan-an, polythene ni, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1933, oríṣiríṣi rẹ̀ ló sì wà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún oúnjẹ gbígbóná. Èmi kì í sì í bi ẹni tó ń tà á léèrè èwo ni mo ń rà kí n tó gbé e sórí iná fún wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n àsìkò ń kọ́? Mo fi aago wo ó. Láti fọ ewé, láti nù ún, láti fá a àti láti pọ́n ogún, ó gbà mí ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìbẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, ìṣẹ́jú ogójì ni. Láílọ́ọ̀nù kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń wàásù àyíká lórí rédíò gbé yẹ̀ wò, nítorí pé obìnrin ni ó ń san án ní ọ̀pọ̀ ilé, kì í sì í hàn nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, tó ti jí ní aago mẹ́rin kó tó rẹ ẹ̀wà, kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú un lọ sídìí ọ̀rá. Ní ilé tiwa, ọkọ mi àti ọmọkùnrin mi àgbà ni mo fún ní fífọ ewé, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, níwájú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú bàsíà méjì. Wọ́n ráhùn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Láìsí ètò yìí, mo lè sọ ọ́ gbangba pé ǹ bá ti padà sí láílọ́ọ̀nù kí oṣù Kẹjọ tó parí.

Ẹ̀kọ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: inú ewé ni ilé rẹ̀, èyí tó wà nínú ọ̀rá máa ń là bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Iyán tí a fi ewé wé kì í yára tutù, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ohun tí a fi wé e bí ewé bá ti rọ̀ díẹ̀ lójú iná. Ìrẹsì ọ̀fadà, gbogbo wa la mọ̀. Ti obì ló yà mí lẹ́nu. Bàbá mi máa ń ní kí n ra obì àbàtà fún wọn, nínú oṣù Kẹwàá ni mo pín obì mẹ́wàá sí méjì, mo wé márùn-ún sínú ewé tútù, mo sì di márùn-ún sínú láílọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ kẹwàá, àwọn ti inú láílọ́ọ̀nù ti làágùn, méjì ti bu funfun. Àwọn ti inú ewé ṣì ń tàn bí ẹni tó kun òróró. Bàbá mi rẹ́rìn-ín sí ìdánwò mi. Wọ́n ní ewé ni àwọn oníṣòwò obì fi ń tẹ́ agbọ̀n látijọ́, kí obì lè mí nínú rẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá yunifásítì ni mo ti lọ kọ́ èyí.

Ibi tí ewé ti kùnà, ó kùnà pátápátá. Ẹran tútù kò ṣe é dì sínú rẹ̀ láti ọjà, ẹ̀jẹ̀ á jò sí ọ lẹ́sẹ̀ kó o tó wọ mọ́tò. Ata lílọ̀ kò tilẹ̀ yẹ kí a sọ. Fún méjèèjì, abọ́ ọlọ́mọrí ni mo ń gbé lọ, ẹlẹ́ran mi sì ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń wọn abọ́ náà kọ́kọ́ kó tó gé ẹran. Fírísà náà kò gba ewé: ó máa ń gbẹ, ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ ó sì máa ṣa á kúrò lára oúnjẹ bí ẹni tó ń ṣa egungun ẹja. Nínú fírísà mi, láílọ́ọ̀nù ṣì wà, ṣùgbọ́n mo ń fọ̀ ọ́, mo ń sá a, mo sì ń tún un lò títí yóò fi ya.

Mo gbé e rìnrìn àjò pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èkó, ojú irin tuntun oníkìlómítà 157 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọkọ̀ ojú irin ni mo yàn nítorí pé ó ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò dà bíi kí olúkúlùkù jókòó sínú mọ́tò tirẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ kó máa fi epo bẹntiróòlù ṣòfò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Mo fi mọ́ínmọ́ín mẹ́fà àti ẹ̀kọ mẹ́rin sínú agbọ̀n kékeré, mo fi aṣọ bò ó. Nígbà tí a dé ìtòsí Abẹ́òkúta, mo tú ọ̀kan, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Arábìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ pé, “Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin aláájẹ,” mo bá fún un ní ọ̀kan, a sì di ọ̀rẹ́ títí a fi sọ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé n kò rí ilẹ̀ tí mo lè sọ ewé sí ní Èkó. Mo ká a padà sínú agbọ̀n, mo gbé e relé, ó di oúnjẹ ewúrẹ́ aládùúgbò wa.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mọ́tò ni mo wọ̀, ebi pa mí ní gáréèjì kan, mo ra ìrẹsì, wọ́n sì bù ú fún mi sínú ike fóòmù funfun. Mo rántí pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de fóòmù yìí ní oṣù Kìíní ọdún 2024, láti ẹnu Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, Tokunbo Wahab, tí wọ́n sì fi àwọn ike ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo mìíràn kún un láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, títí kan láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìnípọn rẹ̀ kò tó 40 micron. Mo bi ẹni tó tà á fún mi pé ṣé kò sí ewé ni. Ó dáhùn pé, “Àǹtí, ta ló máa fọ̀ ọ́?” Inú bí mi fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà mo rántí ìṣẹ́jú ogójì tèmi, mo sì jẹ ìrẹsì mi. Àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ṣòfin tiwọn lòdì sí láílọ́ọ̀nù tí kì í jẹrà ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àti Rwanda tó ti wà lórí rẹ̀ láti 2008, yóò ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu àwọn olóúnjẹ tiwọn náà.

Ó yẹ kí n fi nǹkan mìíràn tí wọ́n ń tà fún wa wé ewé yìí. Ní ilé ìtajà ńlá kan ni mo ti ra àpò tó ní àwòrán ewé tútù lára, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó máa ń jẹrà, owó rẹ̀ sì ju ti láílọ́ọ̀nù lásán lọ dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án, mo gbẹ́ ihò mẹ́ta sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sin ewé eéran méjì sínú ọ̀kan, àpò aláwòrán sínú èkejì, láílọ́ọ̀nù lásán sínú ẹ̀kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mo hú wọn. Nínú ihò kìíní, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ egungun ewé nìkan ló kù, ekòló sì pọ̀ níbẹ̀. Láílọ́ọ̀nù lásán wà bó ti wà, mo fi omi ṣàn án, mo sì lè fi di iyọ̀. Àpò aláwòrán? Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, àwòrán ewé náà ti parẹ́, ṣùgbọ́n mo bu iyanrìn sí i, ó sì gbé e. Ìwádìí tí mo ṣe lẹ́yìn náà fi hàn mí pé oríṣi méjì ni irú àwọn àpò wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́: àwọn kan ń fẹ́ ooru líle ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀ nílànà ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó lè jẹrà, irú ooru tí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé kò ní, àwọn yòókù jẹ́ ọ̀rá gan-an tí wọ́n fi èròjà kan sí kó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọ̀rá wẹ́wẹ́ náà á sì wà nínú ilẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin 2019 de oríṣi kejì yìí. Èwo ni mo rà, kò sí lára rẹ̀. N kò ní rà á mọ́.

Ewé náà ní ìbéèrè tí a gbọ́dọ̀ bi í. Níbo ló ti ń wá? Eléwé mi sọ fún mi pé láti ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti ń kó ti òun wá, nígbà tí mo sì lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní oko kòkó ní agbègbè náà, mo ní kí wọ́n mú mi lọ wò ó. Abẹ́ kòkó àgbà ni eéran wà, ó pọ̀ bí ẹní tí a tẹ́. Àwọn obìnrin méjì ló ń gé e, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé ọ̀pá láti ìsàlẹ̀, wọn kì í fà á tu, wọ́n sì ń fi ewé ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú sílẹ̀ kí ìdí náà lè máa yọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá nàka sí oko kejì lódìkejì ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́n oògùn apakòríko sábẹ́ kòkó. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ewé kan. Wọ́n ní, “Ẹni yẹn náà máa ń wá ra ewé lọ́wọ́ wa tó bá ń ṣe ìnáwó.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi eléwé léèrè kí n tó rà á bóyá oko tí wọ́n ti gé e jẹ́ oko tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí. Ó kọ́kọ́ bínú sí ìbéèrè náà. Nísinsìnyí ó máa ń sọ fún mi kí n tó bi í.

Mo gba ìdí mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, mo gbìn ín sábẹ́ igi máńgòrò wa. Méjì mú, wọ́n sì ní ewé márùn-ún láàárín ara wọn, èyí tí kò tó pọ́n mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òjìji tó pọ̀ àti ilẹ̀ tó máa ń tutù lè gbìyànjú rẹ̀; èmi ń fi tèmi ṣe ẹwà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi máàkì sí i nínú 10, ẹ̀kọ gba 10, mọ́ínmọ́ín gba 9, obì gba 9, ìrìn àjò gba 7, ẹran tútù gba 2 nítorí pé mo láàánú. Fún ilé tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń gbé, tí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ sì ju méjì lọ, n kò rí ìdí tí ọ̀rá fi yẹ kó wà lórí iná. Fún ẹni tó ń ta oúnjẹ, mo gbà á níyànjú pé kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú ọjà rẹ̀, kó sì fi owó iṣẹ́ lé e lórí. Èmi ti rí àwọn oníbàárà tí wọ́n ń fi owó kún un nítorí ewé nìkan.

Àkókò ló kù. Láti àárín oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ ti dé, ewé ti kéré, etí rẹ̀ máa ń gbẹ, ìdì ẹgbẹ̀rún kan náírà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹgbẹ̀rún méjì, ewé 30 ló sì wà nínú èyí tí mo rà kẹ́yìn. Mo ti kó agolo mílíìkì tí ìyá ọkọ mi ń tọ́jú jáde, mọ́ínmọ́ín alágolo ni a ó máa jẹ títí òjò yóò fi dé, ewé tí mo bá rí ni mo ń tọ́jú fún ẹ̀kọ. Eléwé mi ní òjò méjì péré ló kù kí àwọn ńlá tó jáde. Mo ti fi agbọ̀n mi sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, lábẹ́ tábìlì, kó má baà tún sọ ọ́ sínú láílọ́ọ̀nù dúdú.